Ẹ̀jẹ̀ mi ò tó, wọ́n dá iṣẹ́ abẹ mi dúró. Kí ni kí n ṣe kí n tó padà lọ?

Aláṣọ Ìjọ̀fì, Iléṣà:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Aṣọ ni mò ń tà ní Ìjọ̀fì, ọmọ ọdún 41 ni mí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí oyún ìju (fibroid) ti ń dà mí láàmú. Bí nǹkan oṣù mi bá dé, ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ló máa ń lò, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà bí ẹni pé wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀. Mo kó owó jọ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi kún un, wọ́n sì fún mi lọ́jọ́. Ọjọ́ Ajé tó kọjá ló yẹ kí wọ́n ṣe é. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù, mo ti kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá mi, mo ti di báàgì. Àfi bí dókítà akunilóorun ṣe wo ìwé àyẹ̀wò mi tó ní òun ò lè fọwọ́ sí i. PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ mi, jẹ́ 25. Wọ́n tún kọ potassium (irú iyọ̀ kan nínú ẹ̀jẹ̀) 6.4 síbẹ̀, wọ́n fi H, pé ó ga jù, sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnì kan kàn sọ fún mi pé kí n lọ máa jẹun dáadáa kí n tún padà wá, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé fún mi.

Láti ọjọ́ náà ni oorun ò ti kùn mí. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa po màlúútì mọ́ mílíìkì mu. Ẹlòmíì ní àgbo ló máa gbé e sókè. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun mọ ibì kan tí wọ́n ti máa ṣe é fún mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọn ò sì ní béèrè PCV. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé potassium yìí ò túmọ̀ sí pé kíndìnrín mi ti ń bàjẹ́?

Ọmọ Ìrẹ̀mọ, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Mi ò mọ̀ púpọ̀ nípa potassium, àwọn tó mọ̀ ọ́n á dáhùn. Èyí tí mo mọ̀ ni pé kí ẹ má gbé ẹsẹ̀ débi tí wọn ò ti ní béèrè PCV yẹn. Ibi tí wọn ò bá ti béèrè rẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè iye ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní nínú fíríìjì.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ kú ìrọ́jú, àbúrò mi. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ pé oore ni dókítà tó dá yín padà yẹn ṣe yín. Ó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé fún yín, ó sì dùn mí pé wọn ò ṣe é.

PCV 25 túmọ̀ sí pé tí a bá pín ẹ̀jẹ̀ yín sí ọ̀nà 100, sẹ́ẹ̀lì pupa kó ọ̀nà 25 nínú rẹ̀. Obìnrin tí kò lóyún, ó yẹ kó ní bíi 36. Sẹ́ẹ̀lì pupa yìí ló ń ru afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú lọ sí ọpọlọ àti ọkàn. Ilé-ọmọ tí ìju wà nínú rẹ̀ kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀, bí wọ́n bá sì fi ọ̀bẹ kàn án, ẹ̀jẹ̀ lè lọ púpọ̀. Ẹni tó wọlé pẹ̀lú 36, bó bá pàdánù díẹ̀, ó ṣì ní èyí tó máa fi dúró. Ẹni tó wọlé pẹ̀lú 25 ti ná èyí tó yẹ kó fi pamọ́ kó tó dé ọjà. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa ló fi 30 ṣe ààlà fún iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe pàjáwìrì. Ààlà náà ti pẹ́, àwọn dókítà Amẹ́ríkà méjì ló kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1942. Lóde òní, àwọn dókítà máa ń wo ọjọ́ orí ẹni náà, ọkàn rẹ̀ àti irú iṣẹ́ abẹ tó fẹ́ ṣe mọ́ ọn kí wọ́n tó pinnu.

Wàyí o, kí ẹ lọ máa jẹun dáadáa kò tó. Ẹ̀jẹ̀ ń jò níbì kan. Kẹ́ẹ̀gì tó ti lu, bí a bá pọnmi kún un láàárọ̀, kó tó di alẹ́ á ti gbẹ. Ẹ padà lọ bá dókítà tó ń tọ́jú ìju yín, kí ẹ bi í léèrè oògùn tó máa dá ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù dúró títí di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Tranexamic acid wà, wọ́n máa ń lò ó láwọn ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà. Norethisterone náà wà. Dókítà ló máa mọ èyí tó bá yín lára mu. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lẹ́sẹ̀ tàbí ní ẹ̀dọ̀fóró rí gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta kó tó lo ọ̀kankan nínú wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni oògùn irin. Ferrous sulphate 200 mg tí gbogbo wa mọ̀, irin tó wà nínú hóró kan tó bíi 65 mg. Ẹ fi omi ọsàn mu ún, ọsàn máa ń jẹ́ kí irin tètè wọ ara. Ẹ jìnnà sí tíì, kọfí àti mílíìkì fún bíi wákàtí méjì ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbẹ́ yín á dúdú bí èédú, ẹ má fòyà. Bí inú bá ń run yín tàbí tí ìgbẹ́ bá gan, ẹ sọ fún wọn. Wọ́n lè ní kí ẹ máa lò ó lọ́jọ́ kan kí ẹ fo ọjọ́ kan, ara sì ń gba irin dáadáa bẹ́ẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá jò mọ́, PCV á máa fi bíi 3 gòkè láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láti 25 dé 32, ẹ fọkàn sí oṣù kan àbọ̀ sí oṣù méjì. Irin tí wọ́n ń fà sí iṣan náà wà fún ẹni tí àkókò rẹ̀ kúrú tàbí tí ikùn rẹ̀ kọ hóró, owó rẹ̀ ló ga. Gbígba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì ló máa gbẹ̀yìn.

Kí wọ́n tún wo aràn fún yín pẹ̀lú. Aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun wà, albendazole hóró kan 400 mg sì lè lé e jáde.

Ní ti màlúútì àti mílíìkì, ìfẹ́ ni ìyá ọkọ yín fi sọ ọ́, ẹ má bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ṣúgà ló pọ̀ nínú màlúútì, mílíìkì sì máa ń dí irin lọ́nà kó má wọ ara. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi owó màlúútì yẹn ra ẹ̀dọ̀ màlúù àti ẹja fún yín. Ugu àti tẹ̀tẹ̀ náà dára, àmọ́ irin inú ẹran ń yá wọ ara ju ti ẹ̀fọ́ lọ.

Onílàábù, Ilé-Ifẹ̀:
Màmá ti sọ gbogbo èyí tó yẹ nípa PCV. Èmi fẹ́ bèèrè nípa potassium. Ìyá, ẹ rántí dáadáa: báwo ni wọ́n ṣe fa ẹ̀jẹ̀ yẹn, ta ló sì gbé e lọ sí láàbù?

Aláṣọ Ìjọ̀fì:
Ẹni tó fà á fi rọ́bà dì mí lápá, ó pẹ́. Ó ní kí n máa di ẹ̀ṣẹ́ kí n máa tú u. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gún mi kó tó rí iṣan. Wọ́n wá ní ẹ̀rọ tiwọn ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ká gbé e lọ síta. Àbúrò mi fi í sínú ọ̀rá, ó gun ọ̀kadà, láàbù àkọ́kọ́ tó dé ti palẹ̀ mọ́, ó tún lọ sí òmíràn. Ó máa tó wákàtí mẹ́ta àbọ̀.

Onílàábù:
Ohun tí mo rò náà nìyẹn. Potassium tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa fi ìlọ́po tó ju 20 lọ pọ̀ ju èyí tó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ yìí sì ni ẹ̀rọ wa ń kà. Bí sẹ́ẹ̀lì bá bẹ́, tiwọn á dà sínú omi náà, iye á sì fò sókè. Rọ́bà tó pẹ́ lápá, ẹ̀ṣẹ́ dídì, abẹ́rẹ́ tó ń wá iṣan kiri, oòrùn, gbọ̀ngbọ̀n ọ̀kadà, gbogbo rẹ̀ ló lè fà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo di ìgò ẹ̀jẹ̀ kan mú síwájú fèrèsé. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti yí i, sẹ́ẹ̀lì á rọ̀ sísàlẹ̀, omi tó bá dúró lókè á mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ bí òróró ẹ̀pà. Èyí tí mo dì mú pọ́n bíi sóbò. Mi ò ka potassium rẹ̀ rárá, mo pe wọ́n lórí fóònù kí wọ́n tún un fà.

Síbẹ̀ ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi sùn. Iye tó yẹ wà láàárín 3.5 sí 5.0. Bí 6.4 bá jẹ́ òótọ́, ó lè da lílù ọkàn rú lójijì. Ẹ lọ tún un ṣe lọ́la òde yìí. Kí ẹ̀yin fúnra yín rìn lọ sí láàbù, kí wọ́n fà á níbẹ̀, ẹ má di ẹ̀ṣẹ́, kí wọ́n tú rọ́bà ní kété tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń wọlé. Kí wọ́n ṣe creatinine pẹ̀lú rẹ̀, ìyẹn ló máa sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣe sí. Bí àyà bá ń já yín tàbí tí ara bá rọ̀ yín lójijì, ẹ gba pàjáwìrì lọ lálẹ́ yìí, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Ará Mọdákẹ́kẹ́:
Bí ẹ bá gba èsì creatinine, ẹ wo lẹ́tà tó wà níwájú iye náà dáadáa. Ìyá mi ṣe é níbì kan, 1.1. Oṣù kejì, láàbù mìíràn kọ 97. Ẹkún ni a sun dé ilé, a ti ń pe àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní Èkó pé kíndìnrín màmá ti kú. Ọmọ ìyá mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ilé oògùn ló ní ká ka ìwé náà dópin. Mg/dl ni wọ́n fi wọn ti àkọ́kọ́, µmol/l ni ti ìkejì, 1 ti ibí jẹ́ bíi 88 ti ọ̀hún. Iye kan náà ni 1.1 àti 97.

Bàbá Òkèsà, Iléṣà:
Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ti ṣúgà, 18 ni ẹ ó fi pín mg/dl kó tó di mmol.

Ṣúgà ló dá tèmi dúró. Ìpá ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣe fún mi, ọmọ ọdún 63 ni mí nígbà yẹn. Àárọ̀ tí mi ò tíì fẹnu kan nǹkan kan, ṣúgà mi 214, mi ò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo ní àtọ̀gbẹ. Mo ní oògùn lásán ni kí wọ́n fún mi, kí wọ́n ṣe ìpá mi kí n lọ sóko. Dókítà obìnrin kan, ọ̀dọ́ ni, ó fa àga sún mọ́ mi, ó ní, "Bàbá, ojú ọgbẹ́ tí ṣúgà bá wà nínú rẹ̀ kì í fẹ́ san, kòkòrò sì fẹ́ràn ibẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ lo oṣù mẹ́ta nílé ni, àbí oṣù mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Wọ́n ṣe HbA1c, ó jẹ́ 10.4. Òun ló ń sọ bí ṣúgà ṣe rí fún bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, torí pé sẹ́ẹ̀lì pupa kì í lò ju bí 120 ọjọ́ lọ. Mo lo oògùn, mo dín ẹ̀bà kù, mò ń rìn láàárọ̀. Lóṣù kẹrin ó ti di 7.5, wọ́n ṣe ìpá mi, ọjọ́ kẹwàá ojú ọgbẹ́ ti dì.

Aláṣọ Ìjọ̀fì:
Ẹ̀yin ará, mo ti dé láti láàbù. Potassium 4.3! Creatinine náà dára. Mo jókòó síbẹ̀ mo sunkún. PCV ṣì wà ní 25, ìyẹn ni mo máa dojú kọ. Mo ti gba oògùn irin àti tranexamic lọ́wọ́ dókítà, wọ́n sì fún mi ní oògùn aràn.

Akẹ́kọ̀ọ́ OAU:
Ẹ kú oríire, mọ̀ọ́mì. Ẹ̀jẹ̀ funfun ni tèmi. Kókó kan wà lẹ́yìn ọrùn mi tí wọ́n fẹ́ gé, wọ́n rí i pé WBC mi, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì funfun, kéré, 3.1, neutrophil tó jẹ́ oríṣi kan nínú wọn sì jẹ́ 1.3. Ẹnì kan ti ń sọ àrùn jẹjẹrẹ sí mi létí. Dókítà ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí béèrè àyẹ̀wò àtijọ́ mi. Mo ní ti ọdún 2021 àti ti 2023 nínú fóònù, bákan náà ni wọ́n rí, mi ò sì ṣàìsàn kankan láàárín. Ó ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni kò ní àmì kan tí wọ́n ń pè ní Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa, neutrophil irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì máa ń kéré sí ti òyìnbó láìsí àrùn. Àìní àmì náà ni kì í jẹ́ kí ibà tí kòkòrò kan tó ń jẹ́ vivax ń fà tètè rí wa wọ̀. Ara àwọn òyìnbó ni wọ́n ti mú ààlà tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé láàbù. Wọ́n gé kókó mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa tọ́jú ìwé àyẹ̀wò yín, ẹ má sọ ọ́ nù.

Onílàábù:
O ṣeun, àbúrò. Mo fẹ́ fi kún un: 95 nínú 100 ẹni tó ní ìlera ni wọ́n fi ń ṣe ààlà "dáadáa" yẹn. Márùn-ún nínú 100 tí nǹkan kan ò ṣe á bọ́ síta. Bí wọ́n bá ṣe oríṣi àyẹ̀wò 20 fún ẹni tí ara rẹ̀ le koko, ó ṣeé ṣe dáadáa kí H (ó ga jù) tàbí L (ó kéré jù) kan yọjú. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí dókítà kọ́kọ́ wò yín, kó tó kọ àyẹ̀wò.

Kò Fẹ́ Dárúkọ:
Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n bèèrè níbí torí mi ò lè bèèrè nílé. Gẹ̀gẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gé fún mi, àyẹ̀wò wá sọ pé mo ní hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ yẹn. Ẹnì kan ní wọn ò ní ṣe é fún mi mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Mo sì ń jẹun pẹ̀lú àwọn ọmọ mi nínú abọ́ kan.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Àbúrò mi, ẹ mí kanlẹ̀. Hepatitis B kì í ṣe ohun tó ń dènà iṣẹ́ abẹ. Ìbọ̀wọ́ tí a fi ń ṣe ti ẹni tó ní i náà la fi ń ṣe ti ẹni tí kò ní, torí a kì í mọ ẹni tó ní i lójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni HIV. Láti ọdún 2014 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi HIV ya ènìyàn sọ́tọ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ ni kí ẹ béèrè kí wọ́n tó kùn yín lóorun, ọ̀pọ̀ oògùn ni ẹ̀dọ̀ ń tú ká. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi yín ránṣẹ́ sí dókítà ẹ̀dọ̀, ẹ má gbàgbé ìyẹn nígbà tí gẹ̀gẹ̀ bá ti lọ. Abọ́ oúnjẹ kì í ran án. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀, abẹ àti abẹ́fẹ́lẹ́ tí a jùmọ̀ lò ló ń ràn án, ìyá sì lè fi ran ọmọ nígbà ìbímọ. Kí ọkọ àti àwọn ọmọ ṣe àyẹ̀wò; ẹni tí kò bá ní i, kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́ta, lónìí, lóṣù kan, lóṣù mẹ́fà.

Ọmọ Olóògùn, Iléṣà:
Ẹ máà bínú, ẹ̀yin àgbà. Ilé wa la ti ń se àgbo, baba mi ṣe é, mo ń ṣe é. Poroporo ọkà bàbá tí a máa ń sè fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, àwọn ènìyàn ń jẹ́rìí sí i. Ṣé gbogbo rẹ̀ ni ẹ fẹ́ kí ìyá yìí pa tì?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ilé yín. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ohun gbogbo tí aláìsàn ń mu hàn sí dókítà akunilóorun. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo rí ọkùnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọ̀ tí kò dá. A béèrè lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú, ó ní òun ò lo nǹkan kan. Ìyàwó rẹ̀ ló wá jẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé aáyù àti ata ilẹ̀ tí wọ́n rẹ sínú ọtí ló ń mu láàárọ̀ lálẹ́, pẹ̀lú aspirin fún orúnkún. Ọlọ́run yọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ la máa ń ní kí wọ́n dá àgbo dúró. Aspirin tí dókítà kọ fún ọkàn ò sí nínú èyí o, ẹ béèrè kí ẹ tó dá a dúró.

Bí wọ́n bá sì bi yín bóyá ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dá nígbà tí ẹ yọ eyín, tàbí nígbà tí wọ́n dá ọmọ yín lábẹ́, ẹ fara balẹ̀ dáhùn. Ìdáhùn yẹn máa ń wúlò ju ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò lọ.

Ọmọ Olóògùn:
Mo gbọ́, mà. Màá máa sọ ọ́ fún àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa.

Ọmọ Ìrẹ̀mọ:
Ẹ má fojú kéré jínótáípù náà. Ọmọ ọdún 34 ni àbúrò mi, AA ló ń pe ara rẹ̀ látorí ìwé kan tí wọ́n fún un nílé ìwé. Àyẹ̀wò ṣáájú iṣẹ́ abẹ ló fi hàn pé SC ni, oríṣi àrùn sickle cell kan. Láàbù méjì la tún ti ṣe é. Gbogbo ètò ló yí padà: omi láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, aṣọ tó móoru, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Ó là á já. Bí ilé ìwòsàn yín bá kéré, ẹ gba lẹ́tà. Ilé ìwòsàn Wesley Guild tó wà ní Iléṣà wà lábẹ́ OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Ifẹ̀, ọ̀nà Ifẹ̀ ò jìn síbẹ̀.

Aláṣọ Ìjọ̀fì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. PCV 29 ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ibà mú mi, ó já sí 28, mo fẹ́ẹ̀ sọ ìrètí nù. Wọ́n tọ́jú ibà náà, mo tẹra mọ́ oògùn irin. Lánàá ó jẹ́ 33. Nǹkan oṣù mi tó kẹ́yìn, ọjọ́ márùn-ún ló lò. Mo gun àtẹ̀gùn ilé ìyá mi láìdúró mí láàárín, wọ́n dúró lókè wọ́n ń wò mí.

Ìyá ọkọ mi ló ń se ẹ̀dọ̀ màlúù fún mi báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi àti ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ti fún wọn ní páìnì ẹ̀jẹ̀ méjì, wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà akunilóorun kan náà ló rí mi. Ó wo ìwé àtijọ́, ó wo tuntun, ó buwọ́ lù ú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méje àárọ̀, ni wọ́n ní kí n dé. Mo ti kọ orúkọ gbogbo oògùn tí mò ń lò sínú ìwé kan, èyí tó ṣẹ́ kù nínú wọn náà wà nínú báàgì.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Ẹ fi nọ́ńbà ẹni tó máa tẹ̀ lé yín sínú ìwé yẹn náà. Màá máa wá wo ibí láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.